Ajá Tó Fẹ́ Sọnù Gbọ́ Fèrè Ọdẹ Dáadáa

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2023, nígbà tó ku nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjìlá lù, ajá wa já ṣéènì.

Ẹni tó bá ń gbé Àgbàdo mọ bí alẹ́ ọjọ́ yẹn ṣe máa ń rí. Ṣọ́ọ̀ṣì lọ́tùn-ún, ṣọ́ọ̀ṣì lósì, gbogbo wọn kọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí títì, àwọn ọmọ àdúgbò sì ti ń kó bángà jọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn tí kò lè mú sùúrù ti bẹ̀rẹ̀ kí ọdún tuntun tó dé. Nọ́káòtù ńlá kan bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì wa gan-an, gbàù! Kí n tó sáré dé ẹ̀yìnkùlé, ṣéènì nìkan ni mo bá, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára irin rẹ̀.

Tanímọ̀la ni orúkọ ajá náà. (Bàbá mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan wà ládùúgbò tí wọ́n ń fi bá wí. Ẹ ṣáà mọ bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń fi orúkọ ajá sọ ohun tí wọn ò fẹ́ fẹnu ara wọn sọ. Nínú àwọn ajá yòókù ní òpópónà wa, mẹ́rin ló ń jẹ́ Bingo.) Èmi àti bàbá mi jáde, à ń fi iná fóònù wá a. A sì rí i o. Ó dúró lápá ojú irin, kò jìnnà sí wa, iná fóònù bá a lójú. Bàbá mi súfèé, irú èyí tí wọ́n fi máa ń pè é wá jẹun, tí ajá yẹn kì í gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sáré wá. Ó gbé etí sókè. Ó wò wá. Bángà mìíràn tún bú. Ó yí padà, ó sì sá wọ inú òkùnkùn lọ.

Bàbá mi mirí, wọ́n ní, "Ajá tó bá fẹ́ sọnù, kì í gbọ́ fèrè ọdẹ."

Nígbà yẹn, mo ti wà lẹ́nu másítà nínú físíọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa bí ara ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ti kàwé lórí ẹ̀rù, mo ti jókòó ṣe ìdánwò lórí ẹ̀rù, mo sì gbà A níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo so ajá yẹn mọ́ òpó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà torí pé àlejò ń bọ̀. Mi ò ronú ibi tó máa sá wọ̀. Mi ò tiẹ̀ rò pé ó máa fẹ́ sá.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín jiyàn lé lórí lónìí ni òwe yẹn. Mi ò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú rẹ̀ tó bá jẹ́ èèyàn olórí kunkun lẹ fẹ́ fi bá wí. Àmọ́ tí a bá gbé e padà sórí ajá, irọ́ ni, irọ́ yẹn sì ti kó ìyà jẹ ẹranko púpọ̀. Ajá tó fẹ́ sọnù gbọ́ fèrè. Ó gbọ́ ọ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí etí. Etí ọmọ ènìyàn tó dá ṣáṣá ń gbọ́ ìró tó ń gbọ̀n láti ìgbà 20 títí dé ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ajá ń lọ dé nǹkan bíi 45,000. Àwọn ìró tín-tìn-tín tó wà lókè yẹn, a ò mọ̀ pé wọ́n wà rárá, ìgboro ni lójú ajá. Torí náà ìsúfèé bàbá mi kì í ṣe ìṣòro. Ó wọ etí.

Inú ọpọlọ ni ọ̀nà ti dí. Ẹ̀yà kékeré kan wà nínú ọpọlọ àwa àti ti ajá, wọ́n ń pè é ní amygdala, kò tóbi ju èso ẹ̀pà méjì tó so pọ̀ lọ lára wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tètè mọ ewu. Tí ariwo òjijì bá dé, kì í dúró de àlàyé. Ó ti ránṣẹ́ kí apá tó ń ronú tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yà ara tó wà lórí kídìnrín á tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, ojú á là gbàgàdà, ikùn á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sínú iṣan ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni cortisol máa tẹ̀ lé e, ìyẹn náà kì í tètè lọ, ó lè gba wákàtí bíi mélòó kan kí ara tó rọlẹ̀. Nígbà tí ara bá wà ní ipò yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: sá. "Wá jẹun" kò ní àyè. Ikùn tí wọ́n ń pè é wá fún ti ti ilẹ̀kùn.

Gbogbo wa la mọ ajá Pavlov láti ilé ìwé gíga, àbí? Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà, á lu nǹkan kan, á fún ajá lóúnjẹ, títí itọ́ ajá á fi máa dà tó bá ti gbọ́ ìró yẹn nìkan. Ìsúfèé bàbá mi àti oúnjẹ Tanímọ̀la, ọ̀kan náà ni wọ́n pẹ̀lú ìyẹn. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún wa ni èyí tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1924. Odò Neva kún, ó sì ya wọ ìlú Leningrad. Omi wọ ilé àwọn ajá Pavlov, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àgọ́ wọn, omi ń gbé wọn sókè síbi òrùlé. Kí àwọn òṣìṣẹ́ tó lè yọ wọ́n, wọ́n ní láti rì wọ́n sábẹ́ omi kí wọ́n lè gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde. Wọ́n gbà wọ́n là. Nígbà tí iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, Pavlov rí i pé ohun tí àwọn kan nínú ajá náà ti fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ ti pòórá. Wọ́n á lu ìró, itọ́ ò ní dà. Ọ̀kan wà tó padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ni wọ́n bá jẹ́ kí omi díẹ̀ ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Omi díẹ̀ ṣáá o. Ajá náà tún dàrú pátápátá.

Ọdún 1924 nìyẹn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti mọ̀ pé ẹ̀rù lè nu fèrè kúrò lọ́kàn ajá, a ṣì ń pe ajá ní olórí kunkun.

Tí ìmọ̀ òyìnbó ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbọ́ èdè wa fúnra rẹ̀. A kì í sọ pé "mo ṣe ẹ̀rù." "Ẹ̀rù bà mí" là ń wí. Ẹ̀rù ló ṣe iṣẹ́, èmi ni wọ́n ṣe é sí. Bí òjò ṣe ń pa èèyàn, bí ebi ṣe ń pa èèyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rù ṣe ń bani. Ta ló ń na ẹni tí òjò pa?

Màmá mi ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi ju ìwé lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, ọjọ́ Àìkú, àwọn bọ́ǹbù tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè ológun ní Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Ilẹ̀ mì tìtì, fèrèsé ń fọ́, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, gbogbo èèyàn kàn ń sá. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó sá gba apá Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò ló já sínú kánààlì Òkè-Afá lóru, níbi tí ewéko ti bo orí omi tó fi dà bí ilẹ̀ lásán. Ẹ̀mí tó lé ní 1,000 ló lọ nínú ìjàǹbá náà. Màmá mi wà nínú àwọn tó ń sá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi wà lẹ́yìn wọn, mi ò tíì pé ọdún méjì. Wọ́n sọ fún mi pé ẹnì kan ń pariwo pé, "Ẹ má gba ibẹ̀ yẹn o, omi ni!" Wọ́n ní àwọn gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn ò dúró. Ohun tó dá wọn dúró ni pé wọ́n kọsẹ̀, wọ́n ṣubú, àwọn èèyàn sì fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Títí dòní, tí bángà bá bú ní oṣù Kejìlá, màmá mi á kọ́kọ́ gbá àyà mú. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé kí wọ́n nà wọ́n kí wọ́n lè gbọ́n.

Tanímọ̀la, ní tirẹ̀, jẹ ẹgba. Ọjọ́ kẹta oṣù Kìíní la rí i, lábẹ́ ìsọ̀ ẹlẹ́ran kan lọ́jà, ó ń gbọ̀n, ó ń rùn, ó ti fi ẹsẹ̀ kan ṣe. Nígbà tí a mú un délé, bàbá mi mú pàṣán, pé kó má bàa tún sá mọ́. Èmi ni mo di ṣéènì mú. Mo mọ̀ nínú mi pé ohun tí à ń ṣe ò dáa, mo sì dì í mú.

Kí ni ẹ rò pé ajá yẹn kọ́ níbẹ̀? Kò lè mọ̀ pé torí ohun tó ṣe ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni. Kí ìyà tó lè so mọ́ ohun kan lọ́pọlọ ẹranko, àárín méjèèjì ò gbọ́dọ̀ jìn síra. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn kó tó jẹ ẹgba ni pé ó padà wálé, bàbá mi sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tó kọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, tí bàbá mi bá gbé ọwọ́ sókè, bó tiẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ni wọ́n fẹ́ sá sórí okùn, ajá á wólẹ̀, á sì tọ̀ sára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í já irun ìrù ara rẹ̀. Ó ń hu lóru. Ìyá àgbà ní ó ń rí ohun tí ojú wa ò rí. Ayálégbé kan ní ó ti ń ya dìgbòlugi bọ̀. Mi ò bá Ìyá àgbà jiyàn, ajá ń gbọ́ ó sì ń gbóòórùn ohun púpọ̀ tí a ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ajá yìí ń rí, ojú tèmi náà rí i: pàṣán tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ó gé ọmọ jẹ. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa ló sín, gbà! Ọmọ ọdún mẹ́fà kan sì na ọwọ́ láti mú bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó yí dé ẹ̀gbẹ́ ajá ní ìṣẹ́jú náà gan-an. Ajá tó wà lórí ṣéènì ò lè sá. Ẹranko tí ẹ̀rù bá bà, tí kò sì ríbi sá gbà, ohun kan ṣoṣo ló kù fún un.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ìdí èyí sọ́kàn torí ó lè gba ẹ̀mí là. Ká tó ṣe ohunkóhun, a gbé ọwọ́ ọmọ náà sábẹ́ omi ẹ̀rọ, a fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Iye ìṣẹ́jú tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là kalẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà la gbé e lọ sílé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ajá wa ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ má fi ata sí ojú ọgbẹ́ ajá, ẹ má fi epo sí i, ẹ má sì dúró wò ó títí dọ̀la. Àrùn dìgbòlugi ń pa nǹkan bíi èèyàn 59,000 lọ́dún kárí ayé, Áfíríkà àti Éṣíà ló pọ̀ jù sí. Ara ajá ni èyí tó tó 99 nínú ọgọ́rùn-ún ti ń wá bá ọmọ ènìyàn. Tí àmì rẹ̀ bá ti yọ sí èèyàn lára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àtúnṣe mọ́.

Ìyá ọmọ náà ní kí a pa ajá náà, mi ò sì bá wọn wí. Ẹnì kan ti mú ẹni tó ń ra ajá fún àwọn tó ń jẹ ẹ́ wá sẹ́nu géètì, ó ti dá iye owó. Mo kúnlẹ̀ bẹ ìyá ọmọ yẹn, mo bẹ bàbá mi, mo ní kí wọ́n fún mi ní àkókò títí dé òpin ọdún. Mo ní tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi á mú un lọ.

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, torí inú ń bí mi sí ọ̀rọ̀ kan.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó, a máa ń fi ọwọ́ ara wa ṣe irú ajá báyìí. Wọ́n á ra ọmọ ajá, wọ́n á tì í mọ́ kéèjì, wọ́n ò ní jẹ́ kí àlejò fọwọ́ kàn án, "kó má bàa mọ èèyàn jù." Àwọn kan á fún un ní ata gígún. Àwọn kan á po ẹ̀tù ìbọn mọ́ oúnjẹ rẹ̀, pé á le. Ata àti ẹ̀tù ò sọ ajá di akọni o, inú ló ń ta á. Ti kéèjì yẹn ló sì burú jù. Àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, John Paul Scott àti John Fuller, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí ọmọ ajá ṣe ń dàgbà, wọ́n sì tẹ ìwé wọn jáde ní 1965. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ méjìlá lẹ́yìn tí wọ́n bí i ni ọpọlọ ọmọ ajá ń ṣí sílẹ̀ láti mọ ohun tí ayé jẹ́: èèyàn, ọmọdé, ọkọ̀, ariwo, ajá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tó bá pàdé ní àkókò yẹn tí kò pa á lára, á di ara ilé. Ohun tí kò bá pàdé, àjèjì ni, ẹ̀rù rẹ̀ á sì máa bà á títí ayé. Torí náà, ajá tí ẹ tì mọ́lé kó lè burú, ẹ̀rù ló ń bà á. Kò lè mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó wá kí yín. Ẹ ò ní ajá ìṣọ́, ohun tí ẹ ní ni ẹranko tó ń dúró de ọmọ tó máa na ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù.

(Ológbò náà ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ tiwọn ṣòroó rí torí wọn kì í pariwo. Ológbò tó déédéé bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń sá pamọ́ sábẹ́ àga, tí kò jẹun, kì í ṣe àjẹ́. Nǹkan ń ṣe é ni. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ẹ má sì fún un ní parasitámọ́ọ̀lù láéláé, ó ń pa wọ́n.)

Ó dáa. Tanímọ̀la.

Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko la kọ́kọ́ lọ. Mo rò pé wọ́n máa fún un lóògùn orun ni. Wọ́n ya ẹnu rẹ̀, wọ́n ní kí n wò ó. Eyín rẹ̀ kan ti kán wọnú ẹran láti alẹ́ ọjọ́ tó já ṣéènì, láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta! À ń sọ̀rọ̀ ẹ̀mí àìrí, eyín ló ń dun ajá. Dókítà ní ara tó ń ro ẹranko máa ń mú kí ariwo tètè bà á lẹ́rù, torí bó bá ta gìrì, ibi tó ń dùn ún á tún ro ó, á wá so ariwo náà pọ̀ mọ́ ìrora. Wọ́n yọ eyín náà.

Nípa oògùn, wọ́n kìlọ̀ fún mi nípa acepromazine, èyí tí àwọn èèyàn máa ń rà fún ajá lásìkò ọdún. Ó máa ń dá ẹsẹ̀ ajá dúró, kò sọ pé ó mú ẹ̀rù kúrò. Ẹ fojú inú wò ó kí bọ́ǹbù máa bú, kí ẹ má sì lè gbé ẹsẹ̀. Oògùn tó wà fún ẹ̀rù gan-an wà, ọ̀kan tiẹ̀ wà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi sí èrìgì ajá, àmọ́ ọwọ́ dókítà ẹranko ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń wá, kì í ṣe láti inú àpò oògùn Màmá.

Èkejì, mo lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Ẹni tó bá mọ ibùdókọ̀ ojú irin Àgbàdo ti rí wọn, àwọn ajá ìgboro tó máa ń sùn nítòsí ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti 2021, Red Line tó ń lọ sí Ọ̀yìngbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹwàá 2024. Fèrè ọkọ̀ yẹn le, ó ń mi ilẹ̀. Àwọn ajá yẹn ò tiẹ̀ gbé orí. Kí ló dé tí fèrè ọkọ̀ ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, tí bángà kékeré sì ń lé wọn káàkiri? Ìdí ni pé ọkọ̀ ń ti òkèèrè bọ̀, ìró rẹ̀ ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń dé lójoojúmọ́, kì í sì í kúrò lójú irin. Ara ti mọ̀ ọ́n. Bángà ò ní àkókò, kò ní ojú kan, kò sọ pé òun ń bọ̀. Ohun tí a ò lè mọ ìgbà tó máa dé ló ń dá ara lóró jù.

Ohun tí mo ṣe ò ju kí n sọ bángà di ọkọ̀ ojú irin fún un. Mo wá ìró bángà sórí fóònù, mo dín ohùn rẹ̀ kù débi pé èmi fúnra mi ń tẹ́tí sí i kí n tó gbọ́. Ìró á dún, mo á sì ju pọ̀nmọ́ bíbọ̀ sí i. Ìró ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dún o, pọ̀nmọ́ tẹ̀ lé e. Tí pọ̀nmọ́ bá ṣáájú, pọ̀nmọ́ gan-an ni ajá máa bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́. Tó bá ti gbé etí sẹ́yìn, tó ń lá ẹnu láìjẹun, tó ń yán láìsí oorun, mo ti sáré jù, mo á dín in kù. Oṣù méjì kọjá kí n tó lè gbé ohùn fóònù dé ìdajì. Ó máa ń súni, mi ò ní parọ́ fún yín.

Bàbá mi ní mò ń kẹ́ ẹ ni, pé ẹ̀san ni mò ń fún un torí pé ẹ̀rù ń bà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe bàbá mi nìkan. Àmọ́ ẹ̀rù kì í ṣe iṣẹ́ tí ajá ń ṣe kó lè gba owó. Tí wọ́n bá fún màmá mi ní ìrẹsì àti ẹran nígbà tí bángà ń bú, ṣé wọ́n á wá torí ẹran máa bẹ̀rù sí i? Ní 2020, onímọ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Switzerland, Stefanie Riemer, tẹ èsì ìbéèrè tó bi àwọn olówó ajá tó lé ní 1,200 jáde. Lára àwọn tó ń fún ajá lóúnjẹ tàbí tí wọ́n ń bá a ṣeré gẹ́rẹ́ tí bángà bá ti bú, ó ju 70 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tó sọ pé ó ràn án lọ́wọ́. Ìṣòro yìí kì í sì í ṣe ti ajá Èkó nìkan. Ní Norway, wọ́n bèèrè nípa ajá 5,257 nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2015. Nǹkan bíi 23 nínú ọgọ́rùn-ún ni ariwo ń bà lẹ́rù.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ báyìí. "Ìrẹsì ti di góòlù, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rù ajá?" Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣe ìṣirò. Kí a tú ajá lórí ṣéènì lálẹ́ ọjọ́ kan, kí a mú un wọ pásejì, kí a fa kọ́tìnì, kí a tan rédíò, ọ̀fẹ́ ni. Kí a kọ nọ́ńbà fóònù sára bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀, báírò lásán ni. Kí a gbé pàṣán sọnù, ìyẹn tiẹ̀ dín ẹrù ilé kù. Iye tí a san fún abẹ́rẹ́ ọmọ aládùúgbò wa, títí kan ọkọ̀ tí a wọ̀ lọ tí a wọ̀ bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹkún ọmọ náà pàápàá kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ti bángà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọdọọdún ni ọlọ́pàá ń kìlọ̀ l'Ékòó, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tà á lójú títì. Mi ò ní kí ọmọdé má ṣe ọdún. Èmi náà yin bángà nígbà kan, kí Ọlọ́run foríjì mí. Ohun tí mo bá àwọn ọmọ òpópónà wa sọ ni pé kí wọ́n lọ máa yìn ín ní pápá tó wà níwájú, kí wọ́n sì dúró di aago méjìlá. Àwọn kan gbà. Àwọn kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sọ mí ní "Dókítà Ajá." Mo ti gba orúkọ yẹn.

Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024 pé. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la ti mú Tanímọ̀la jáde lọ rìn, kó lè ti tọ̀ kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀. Ní aago mẹ́jọ, a ti géètì, a mú un wọ pásejì, a tẹ́ aṣọ àtijọ́ sílẹ̀ fún un, fáànù ń yí, rédíò ń ké. Mo múra láti dúró tì í kí àwọn yòókù lè lọ ìsìn àìsùn. Bàbá mi wọ agbádá tán, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró. Wọ́n wo ajá náà. Wọ́n ní kí n máa lọ, àwọn á dúró. Mo ní, "Dádì, ṣé ẹ dá a lójú?" Wọ́n ní kí n máa lọ jàre.

Mi ò lọ. Mo jókòó sínú pálọ̀, mo ń yọjú wò wọ́n. Wọ́n bọ́ agbádá, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú abọ́ pọ̀nmọ́ kan lẹ́sẹ̀. Fún bíi wákàtí kan, ajá náà ò sún mọ́ wọn, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri ní ìkangun kejì. Nígbà tí ti aago méjìlá bẹ̀rẹ̀, ó gbọ̀n. Ó gbọ̀n gan-an, mi ò ní sọ fún yín pé ó ti sàn pátápátá. Wọ́n kàn ń ju pọ̀nmọ́ kọ̀ọ̀kan sí i bí bángà bá ti ń bú, wọn ò gbé ọwọ́ sókè, abẹ́ ni wọ́n ti ń jù ú. Àwọn tó kọ́kọ́ jù, kò fẹnu kàn wọ́n. Ó tó nǹkan bí aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú kó tó na ọrùn mú ọ̀kan.

Bàbá mi yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Fèrè ni kò gbọ́. Ó gbọ́ òórùn."

Ó jẹ èkejì. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó rìn wá díẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ sórí agbádá tí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Wọn ò lé e.